Bí ẹ ṣe lè forúkọ fáàmù lọ́yà yín sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ míì ní Amẹ́ríkà: èyí tó ṣáájú àtèyí tó ń tẹ̀lé e

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá: "Fáàmù mi wà ní Georgia, mo fẹ́ ṣí ọ́fíìsì ní North Carolina, mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Secretary of State, ṣé mo ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?" Rárá o, ó kù. Ibi méjì lẹ ti máa gba àṣẹ. Ọ̀tọ̀ ni Secretary of State, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kọ́ọ̀tù àti Bar, ìyẹn àjọ àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀, tó ń fún lọ́yà láṣẹ, ìwé tẹ́ ẹ gbà níbì kan ò sì wúlò níbì kejì. Ti Secretary of State ló máa ń yá, ẹ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ tó kanrí, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí, wọ́n á gbé bọ́ọ̀dù sókè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oníbàárà, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo máa fi Georgia sí North Carolina ṣe àpẹẹrẹ, mo á máa fẹnu kan Texas, New York, California àti Florida níbi tí tiwọn bá ti yàtọ̀.

## Ṣé ẹ tiẹ̀ nílò ẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ dáhùn eléyìí kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ni Rule 5.5 nínú Model Rules, ìyẹn àpẹẹrẹ òfin ìwà fún lọ́yà tí American Bar Association (ABA), ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, kọ, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀dà tiẹ̀. Ohun tó sọ ò le: tẹ́ ẹ ò bá ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí ọ́fíìsì síbẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ déédéé bí ẹni tó fìdí kalẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aráàlú rò pé lọ́yà ibẹ̀ ni yín. Àmọ́ ó fàyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ti tó yín:

- Ẹjọ́ kan péré lẹ fẹ́ lọ jà. Ẹ tọrọ pro hac vice, ìyẹn àṣẹ fún ẹjọ́ kan ṣoṣo yẹn, lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù tí ẹjọ́ náà wà. Ẹ máa san owó, ẹ sì máa wá lọ́yà ibẹ̀ tó máa bá yín dúró. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń tọrọ ẹ̀ lemọ́lemọ́, adájọ́ á bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá gba láísẹ́ǹsì.
- Oníbàárà yín àtijọ́ ló ní nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì so mọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bá a ṣe nílé. Ìpínlẹ̀ tó pọ̀ gba eléyìí láyè fúngbà díẹ̀.
- Immigration nìkan lẹ ń ṣe. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, lọ́yà tó ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ èyíkéyìí tó sì wà ní good standing (tí láísẹ́ǹsì ẹ̀ ṣì mọ́) lè dúró fún èèyàn níwájú USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ immigration, àti ní kọ́ọ̀tù immigration níbikíbi ní Amẹ́ríkà. Ẹ lè ṣí ọ́fíìsì fún immigration nìkan lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n tí oníbàárà yín bá ní òun fẹ́ kọ ìyàwó òun, tàbí kẹ́ ẹ bá òun wo ìwé ilé tóun fẹ́ rà, òfin ìpínlẹ̀ nìyẹn, ẹ darí ẹ̀ sọ́dọ̀ lọ́yà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ̀ ṣubú níbí yìí torí pé àwọn ọ̀rọ̀ náà máa ń wé mọ́ra wọn.
- Ẹ kàn kó lọ síbẹ̀ ni, iṣẹ́ ilé lẹ ṣì ń ṣe láti orí kọ̀ǹpútà. ABA sọ nínú Formal Opinion 495, oṣù Kejìlá 2020, pé kò sí wàhálà tẹ́ ò bá polówó ara yín níbẹ̀, tẹ́ ò sì gba iṣẹ́ ibẹ̀, tí ìpínlẹ̀ náà fúnra ẹ̀ ò bá ti sọ pé òun ò gbà. Ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín, torí ìmọ̀ràn ni ti ABA, kì í ṣe àṣẹ.

Tí kò bá sí èyí tó bá yín mu nínú wọn, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

Fún àwọn tó ń rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀: ẹ lọ ka ẹjọ́ Birbrower tí kọ́ọ̀tù tó ga jù ní California dá lọ́dún 1998. Fáàmù New York ni, kò sí lọ́yà wọn kankan tó ní láísẹ́ǹsì California, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ láti bá oníbàárà yanjú ọ̀rọ̀ kan, owó iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Kọ́ọ̀tù ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní California, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ẹ̀. Oníbàárà yín gan-an ló máa kọ́kọ́ rántí òfin yìí lọ́jọ́ tí kò bá fẹ́ sanwó.

## Ìgbésẹ̀ 1: Èèyàn ṣáájú fáàmù

Kò sí ìwé tí fáàmù máa gbà tó máa rọ́pò láísẹ́ǹsì èèyàn. Ẹnì kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà nínú fáàmù yín tó ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ tuntun yẹn kí ohunkóhun míì tó lè dúró. Àwọn ọ̀nà tó wà nìyí:

1. Admission on motion, ìyẹn kí wọ́n gbà yín wọlé láìṣe ìdánwò torí pé ẹ ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Ìlànà ABA ní ọdún 3 nínú ọdún 5 tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ń béèrè 5 nínú 7. Àwọn míì ò ní gbà yín àfi tí ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá náà bá ń gba lọ́yà tiwọn, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ìpínlẹ̀ yín wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. California àti Florida ò ní ọ̀nà yìí rárá.
2. Kẹ́ ẹ gbé máàkì UBE lọ, ìyẹn ìdánwò lọ́yà kan náà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ ń lò. New York ń gba 266, Texas àti North Carolina ń gba 270. Máàkì náà máa ń gbó, ẹ wo ọdún tí wọ́n fi sí i. Georgia kì í lo UBE, nítorí náà tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan lẹ ti ṣèdánwò, ẹ ò ní máàkì tẹ́ ẹ máa gbé.
3. Kẹ́ ẹ jókòó ṣèdánwò. Lọ́yà tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 4 ó kéré tán lè ṣe ìdánwò kúkurú tí California ní fáwọn lọ́yà láti ibòmíì.
4. Kẹ́ ẹ gba lọ́yà ibẹ̀ síṣẹ́ tàbí kẹ́ ẹ mú un wọ inú fáàmù.

Ìwádìí ìwà àti ìṣe, tí wọ́n ń pè ní character and fitness, máa ń gba oṣù púpọ̀. Wọ́n á béèrè gbogbo adírẹ́sì tẹ́ ẹ ti gbé, gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, gbèsè, ẹjọ́, gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ má lọ san owó ọ́fíìsì ọdún kan sílẹ̀ nígbà tí èyí ṣì wà lọ́nà.

Lórí ọ̀nà kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má yá orúkọ lò. Mo mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á wá lọ́yà kan tó ń wá owó, wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n á máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù, òun kì í sì í wo fáìlì kankan. Rule 5.5 yẹn kan náà sọ pé ẹni tó bá ran ẹlòmíì lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ láìláṣẹ ti rú òfin, láísẹ́ǹsì tiẹ̀ náà wà nínú ewu, Rule 5.1 sì sọ pé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa bójú tó iṣẹ́ lóòótọ́. Bẹ́ ẹ bá gba lọ́yà, ẹ jẹ́ kó ní kọ́kọ́rọ́, kó ní àṣẹ lórí fáìlì, kó máa pàdé oníbàárà, kó lè sọ pé rárá kó sì jẹ́ rárá. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá ní ọ́fíìsì yẹn kì í ṣe ọ̀gá ibẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wò ó bóyá irú fáàmù yín ṣeé gbé lọ

PLLC (irú LLC tó wà fáwọn amọṣẹ́dunjú bíi lọ́yà; LLC ni kọ́ńpìnì tí gbèsè ẹ̀ kì í sábà kan àwọn tó ni ín) tẹ́ ẹ ní nílé lè má wúlò níbi tẹ́ ẹ ń lọ. California ò gbà kí LLC máa ṣe iṣẹ́ lọ́yà rárá, ẹ ní láti jẹ́ professional corporation (P.C., kọ́ńpìnì àwọn amọṣẹ́dunjú) tàbí LLP (àjọṣe àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀), ẹ ó sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ State Bar wọn pẹ̀lú. New York gba PLLC láti ìta, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì New York.

Ẹ tún wo àwọn tó ni fáàmù. Rule 5.4 kì í jẹ́ kẹ́ni tí kì í ṣe lọ́yà ní ìpín nínú fáàmù. Arizona ti pa òfin yẹn rẹ́ láti oṣù Kìíní 2021, Washington DC náà fàyè díẹ̀ gbà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹni tí kì í ṣe lọ́yà nínú fáàmù torí pé ibẹ̀ lẹ ti dá a sílẹ̀, ìpínlẹ̀ tó pọ̀ ò ní gbà yín wọlé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà míì: tí irú fáàmù yín ò bá bá ibẹ̀ mu, ẹ lè dá kọ́ńpìnì tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, kó dá dúró. Ìwé ìṣirò méjì, owó orí méjì, wàhálà ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ọ̀kan ò ní tètè ran èkejì. Fún ẹni tó fẹ́ bá lọ́yà ibẹ̀ dòwò pọ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù.

## Ìgbésẹ̀ 3: Orúkọ

Ẹ wá orúkọ yín lórí wẹ́bsáìtì Secretary of State ibẹ̀. Bẹ́lòmíì bá ti ń jẹ́ ẹ, ẹ máa yan orúkọ míì tẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan. Ẹ wo òfin Bar náà, torí orúkọ tí Secretary of State gbà, Bar lè ní ó ń tan aráàlú jẹ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ bá Bar

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù kankan fún fáàmù lọ́dọ̀ Bar, láísẹ́ǹsì àwọn lọ́yà inú ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. North Carolina ò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, fáàmù tó ní ọ́fíìsì ní North Carolina tó tún ní ní ìpínlẹ̀ míì gbọ́dọ̀ gba certificate of registration lọ́wọ́ North Carolina State Bar kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Fáàmù tó bá lọ gba ìwé àṣẹ kọ́ńpìnì ìta lọ́dọ̀ Secretary of State náà wà nínú ẹ̀. Wọ́n á fẹ́ mọ lọ́yà North Carolina tó máa dúró fún iṣẹ́ ibẹ̀.

Ẹ pe Bar lórí fóònù kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yìí:

- Ṣé ẹ ní ìforúkọsílẹ̀ fún fáàmù láti ìta, àbí ti èèyàn nìkan?
- Ṣé ìwé yín ló máa ṣáájú ti Secretary of State, àbí ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa wá?
- Ṣé ọdọọdún la máa ń tún un ṣe?

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìmeèlì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kó lè wà nínú ìwé.

## Ìgbésẹ̀ 5: Secretary of State

Fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa mú ni ti kọ́ńpìnì foreign, ìyẹn èyí tó wá láti ìpínlẹ̀ míì. Lójú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Georgia gan-an foreign ni, ẹ má lọ mú fọ́ọ̀mù àwọn tó wá láti òkè òkun, ẹ má sì mú ti kọ́ńpìnì tuntun.

1. Ẹ gba certificate of existence tàbí good standing, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé fáàmù yín ṣì wà lábẹ́ òfin, láti ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá. Ẹ má tètè gbà á jù o, ó máa ń gbó: Florida ò ní gba èyí tó bá ti lé ní ọjọ́ 90.
2. Ẹ wá registered agent tó ní adírẹ́sì gidi níbẹ̀, kì í ṣe PO Box, tí èèyàn á sì wà níbẹ̀ lásìkò iṣẹ́. Òun ni wọ́n máa kó ìwé ẹjọ́ fún tí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́.
3. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà lórí sátífíkéètì, lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí sátífíkéètì bá ní kọ́mà kó tó kan P.C., pẹ̀lú àmì ìdánudúró lẹ́yìn lẹ́tà méjèèjì, tẹ́ ẹ wá kọ PC lásán láìsí kọ́mà, wọ́n lè dá fọ́ọ̀mù yín padà torí ẹ̀. Ẹ ṣí ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ fọwọ́ tọ́ ọ.
4. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ kọ iṣẹ́ lọ́yà, ẹ má kọ "gbogbo iṣẹ́ tó bófin mu".
5. Ẹ sanwó. Texas ń gba 750 dọ́là, North Carolina 250 fún LLC, Florida 125 fún LLC. California ní tiẹ̀, lẹ́yìn owó fọ́ọ̀mù, ó ní owó orí 800 dọ́là ó kéré tán lọ́dọọdún.

Ẹ ṣọ́ra fún New York. Tẹ́ ẹ bá forúkọ PLLC sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín ọjọ́ 120 ẹ gbọ́dọ̀ polongo ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léraléra. Ní Manhattan, owó ìwé ìròyìn yẹn nìkan lè kọjá 1,000 dọ́là. Bákan náà, New York ní òfin kan, Judiciary Law apá 470, tó ní lọ́yà tó ní láísẹ́ǹsì wọn àmọ́ tí kì í gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì nínú ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún 2016; ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣì dúró.

Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀ ńkọ́? Ní Texas, tó bá ti lé ní ọjọ́ 90, wọ́n á gba owó ìforúkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọdún kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ fi pẹ́. Fáàmù tí ò tíì forúkọ sílẹ̀ ò sì lè pe ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn ni pé oníbàárà tó jẹ yín lówó, ẹ ò ní lè mú un títí dìgbà tẹ́ ẹ bá tún un ṣe.

## Ìgbésẹ̀ 6: Owó orí àti àwọn òṣìṣẹ́

EIN yín, ìyẹn nọ́ńbà owó orí fáàmù lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ò ní yí padà, ẹ má lọ gba òmíràn tó bá jẹ́ fáàmù kan náà ni. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ náà, fún owó orí fáàmù àti fún èyí tẹ́ ẹ máa yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Unemployment insurance (ìnṣọ́ránsì fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀) àti workers' compensation (ti ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́) náà wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan péré ti tó láti fa púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí, nítorí náà ẹ wá akáúńtáǹtì tó mọ ìpínlẹ̀ méjèèjì.

## Ìgbésẹ̀ 7: Owó oníbàárà

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ọ̀rọ̀ owó oníbàárà ló ń tètè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ lọ́yà. Rule 1.15 ní kẹ́ ẹ tọ́jú owó náà sí ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì yín wà, àfi tí oníbàárà bá gbà pé kó wà níbòmíì. Ẹ má ṣe kó owó oníbàárà North Carolina pọ̀ mọ́ IOLTA (àkáǹtì tí lọ́yà ń tọ́jú owó oníbàárà sí) ti Georgia nítorí pé àkáǹtì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ètò IOLTA ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni èlé orí owó yẹn.

- Ẹ wá báǹkì tó wà lórí àkọsílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí
- Ẹ ṣí IOLTA tuntun lórúkọ fáàmù
- Ẹ fi tó Bar létí tí wọ́n bá béèrè
- Ìwé sọ̀wédowó tuntun, àwọ̀ ẹ̀ kó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ kẹ́nikẹ́ni má baà ṣì í mú
- Ẹ má gba retainer (owó àsansílẹ̀) kankan kí àkáǹtì yìí tó ṣí

## Ìgbésẹ̀ 8: Ìnṣọ́ránsì

Ẹ pe iléeṣẹ́ tó fún yín ní ìnṣọ́ránsì malpractice, ìyẹn èyí tó ń sanwó tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń ṣí ọ́fíìsì níbòmíì, kẹ́ ẹ sì gbà á ní kíkọ pé iṣẹ́ ibẹ̀ wà lábẹ́ ìwé yín. Oregon àti Idaho fi dandan lé e pé kí lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ fún aráàlú níbẹ̀ ní in, àwọn míì á ní kẹ́ ẹ sọ fún oníbàárà tẹ́ ẹ ò bá ní. Dandan tàbí kò dandan, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn láìní in.

## Ìgbésẹ̀ 9: Letterhead, wẹ́bsáìtì, ìpolówó

Ẹ lè lo orúkọ kan náà ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n níbi tẹ́ ẹ bá ti to orúkọ àwọn lọ́yà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì ibẹ̀. Ìlà kékeré kan lábẹ́ orúkọ ti tó:

*Licensed in Georgia only. Not licensed in North Carolina.*

Ẹ fi sí wẹ́bsáìtì, káàdì àti ìsàlẹ̀ ìmeèlì, ẹ má fi sí ojú ìwé kan kẹ́ ẹ gbàgbé ìyókù. Fún ìpolówó, Texas àti Florida ń fẹ́ kẹ́ ẹ fi púpọ̀ nínú ẹ̀ ránṣẹ́ sí Bar kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ti Florida sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 20 ṣáájú kó tó jáde.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí wọ́n buwọ́ lu ìwé ilé kí láísẹ́ǹsì tó jáde.
- Kí paralegal (olùrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe lọ́yà) máa dá jókòó sí ọ́fíìsì tuntun, kó máa gba oníbàárà nímọ̀ràn nígbà tí lọ́yà wà ní ìpínlẹ̀ míì.
- Kí wọ́n ṣàyẹ̀wò conflict (bóyá ire oníbàárà kan tako ti ẹlòmíì) nínú fáìlì ọ́fíìsì tuntun nìkan. Fáàmù kan ni yín, oníbàárà Georgia àti ti North Carolina, ibì kan náà lẹ máa wò.
- Kí wọ́n gbàgbé wákàtí CLE (ẹ̀kọ́ àfikún fún lọ́yà) tí ìpínlẹ̀ kejì ń béèrè.
- Kí wọ́n yí registered agent padà láìsọ fún ìpínlẹ̀, ìwé ẹjọ́ á dé, kò sẹ́ni tó máa rí i, wọ́n á sì dá ẹjọ́ lẹ́yìn yín.

## Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣí

Ẹ fi ọjọ́ wọ̀nyí sórí kàlẹ́ńdà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: annual report ti Secretary of State, owó ọdún Bar, ìtúnṣe ìwé fáàmù lọ́dọ̀ Bar tó bá wà, owó orí, ìnṣọ́ránsì. Tí nǹkan kan bá yí padà nílé, bí orúkọ fáàmù tàbí ẹni tó ni ín, ẹ gbọ́dọ̀ lọ tún un ṣe níbẹ̀ náà.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa ọ́fíìsì náà dé, ẹ má kàn ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ dá owó tó kù nínú IOLTA padà fáwọn tó ni ín, ẹ kọ̀wé sáwọn oníbàárà nípa fáìlì wọn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù withdrawal ránṣẹ́ sí Secretary of State kẹ́ ẹ sì pa àkáǹtì owó orí dé. Títí dìgbà tí ìwé withdrawal yẹn bá wọlé, wọ́n á ṣì máa ka fáàmù yín sí èyí tó wà níbẹ̀, ní California sì rèé, owó orí 800 dọ́là ọdọọdún yẹn ò ní dúró.